Ojú kan ló kù fún màmá mi: ọ̀pá Ahmed ni àbí ti Baerveldt?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ṣágámù ni mo wà. Glaucoma (àìsàn tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fà, tó ń ba ojú jẹ́) ti gba ojú ọ̀tún màmá mi, ti òsì la ń dù báyìí. A ti kán oògùn ojú timolol àti latanoprost. Mo fi aago sí fóònù, a kì í pa alẹ́ kan jẹ. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ láti la ihò tí omi ojú á máa gbà jáde, ihò náà tún dí. Ìfúnpá inú ojú ṣì wà ní 31, ó ga jù. Lánàá, ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni màmá bu ìkọ́kọrẹ́ sí, wọ́n wá ní iná ni kò mọ́lẹ̀.

Dókítà ní ọ̀pá tín-ín-rín ló kàn, kí omi ojú máa gbabẹ̀ jáde. Oríṣi ọ̀pá méjì la fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn. Ahmed ní fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró kó má baà jáde jù), ọjọ́ kìíní ló ti ń ṣiṣẹ́. Baerveldt kò ní. Wọ́n á so ọ̀pá rẹ̀ pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Tó bá pẹ́, ó sábà máa ń mú ìfúnpá wálẹ̀ ju Ahmed lọ, àmọ́ ìfúnpá lè wálẹ̀ jù, kí ojú rọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí omi ò ní lè gba ọ̀pá náà jáde yẹn ló ń já mi láyà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la èyí kọjá, èwo lẹ máa mú fún ojú kan ṣoṣo? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.