Báwo ni mo ṣe lè mú kí bùráúsà gba fáìlì sílẹ̀ dípò kí ó ṣí i?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, níbi tí a ń kó ìwé orin sí ní PDF àti orin fúnra rẹ̀ ní MP3, kí àwọn akọrin lè gbà wọ́n sórí fóònù, kí wọ́n sì máa lò wọ́n níbi tí kò ti sí dátà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ líǹkì, ńṣe ni bùráúsà ń ṣí PDF náà síbẹ̀, MP3 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa á rò pé fáìlì ti wọ fóònù wọn, àfi ìgbà tí wọ́n bá dé ibi ìdánrawò tí wọn kò rí nǹkan kan. Apache ni ètò tí ó wà lórí sáfà wa (kọ̀ǹpútà tí ó ń fi ìkànnì ránṣẹ́ sí bùráúsà), èdè ìkọ ètò PHP sì wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn 1

Irú fáìlì tí bùráúsà bá mọ̀ ọ́n kà ni ó máa ń ṣí, àyàfi bí sáfà bá sọ fún un pé kí ó gbé e pamọ́. Hẹ́dà (ìlà àlàyé) tí sáfà fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni Content-Disposition, tí ó máa ń ṣáájú fáìlì bọ̀. Ẹ kọ èyí sínú .htaccess (fáìlì ìtọ́ni fún Apache) tí ó wà nínú fódà orin yín:

```
<FilesMatch "\.(pdf|mp3)$">
Header set Content-Disposition attachment
</FilesMatch>
```

mod_headers, apá Apache tí ó ń bójú tó hẹ́dà, gbọ́dọ̀ wà ní títàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣìṣe 500 (àṣìṣe inú sáfà) ni ẹ ó rí. Àwọn kan á ní kí ẹ pe gbogbo fáìlì ní application/octet-stream, ìyẹn irú fáìlì tí a kò dárúkọ. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí pé ó ń fi irú tí fáìlì jẹ́ gan-an pamọ́ fún fóònù tí yóò ṣí i.

Ìdáhùn 2

Ẹni tí kò bá lágbára lórí sáfà lè fi ọ̀rọ̀ náà download sínú líǹkì:

```
<a href="iwe-orin.pdf" download>
```

Fáìlì tí ó wà lórí ìkànnì kan náà nìkan ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún. Chrome kò ka ọ̀rọ̀ náà sí mọ́ fún fáìlì ìkànnì mìíràn láti ẹ̀dà 65, ní ọdún 2018. Bí akọrin kan bá sì fi àdírẹ́sì fáìlì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp, ẹni yẹn kò gba orí líǹkì yín kọjá, bùráúsà rẹ̀ á sì ṣí fáìlì náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀nà ti sáfà ló dára jù fún yín.

Ìdáhùn 3

Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ fáìlì ní àmì ohùn, filename (apá hẹ́dà náà tí ó ń sọ orúkọ fáìlì) nìkan kò tó, nítorí pé lẹ́tà tí kò lámì nìkan ni ó dájú níbẹ̀. RFC 6266, ìwé ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2011, fàyè gba filename* lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báyìí ni "Ìwé orin" yóò ṣe rí:

```
Content-Disposition: attachment; filename="Iwe orin.pdf"; filename*=UTF-8''%C3%8Cw%C3%A9%20orin.pdf
```

Àṣẹ rawurlencode ti PHP yóò bá yín yí orúkọ náà padà sí irú èyí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ fi readfile, àṣẹ PHP mìíràn, gbé fáìlì jáde, ẹ má ṣe gba orúkọ fáìlì láti inú àdírẹ́sì láìyẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tí ó bá kọ ../ (tí ó túmọ̀ sí fódà tí ó wà lókè) síbẹ̀ lè jáde kúrò nínú fódà orin, kí ó sì ka fáìlì tí ọ̀rọ̀ aṣínà yín wà nínú rẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ti .htaccess ti ṣiṣẹ́. Ó kù ẹyọ kan: fóònù kan ń béèrè ibi tí yóò gbé fáìlì sí, òmíràn kò béèrè.

Ìdáhùn 1

Ètò inú bùráúsà oníkálukú ló ń pinnu ìyẹn, sáfà kò lè fi agbára mú un. Fóònù tí kò bá béèrè ti gbé e sínú fódà Download; ẹ kọ ọ́ sábẹ́ líǹkì kọ̀ọ̀kan pé ibẹ̀ ni kí wọ́n wò.