"Irin wúwo" kọ́ ló yẹ ká máa pè é

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa lórí ọ̀rọ̀ tí a ó lò nínú ìwé ìkìlọ̀ wa, pé kí a máa pe òjé, kádímíọ̀mù àti irú wọn tó ń wọ inú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn láàárín ìlú ní "irin wúwo", kí a sì pe ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ ní "ẹ̀fọ́ onídọ̀tí". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú "wúwo" ná. Kì í ṣe wíwúwo ló ń pani lára. Bàbà wúwo, síìnkì náà wúwo, síbẹ̀ ara wa ò lè ṣe láìsí díẹ̀ nínú wọn. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì pàápàá ti bínú sí ọ̀rọ̀ yìí: ní 2002, John Duffus kọ ìjábọ̀ kan fún IUPAC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń fọwọ́ sí orúkọ nínú ìmọ̀ náà, ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún, "heavy metals", ò nítumọ̀ kan pàtó, ó sì ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ohun tí onílé fẹ́ dà nù, àwa wá ń sáré gbé e wọlé! "Irin olóró" ni tèmi. Oró la ń pe ti ejò àti ti àkeekèé. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí yóò béèrè òṣùwọ̀n. (Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà pé arsenic, tí wọ́n máa ń kà mọ́ wọn, kì í ṣe irin pọ́ńbélé, òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò tó ìjà.)

Ẹnìkan dábàá "májèlé". Létí ọ̀pọ̀ wa, májèlé ni ohun tí ọ̀tá bù sóúnjẹ, téèyàn jẹ, tó kú. Kádímíọ̀mù kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Inú kíndìnrín ló ń rọra kóra jọ sí, ó sì lè tó ọdún 10 sí 30 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára.

"Onídọ̀tí" ló wá ń kọ mí lóminú jù. Ẹ mú ewé ẹ̀fọ́ kan tó hù lẹ́bàá títì. Nínú eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn, láàárín àwọn iṣan ẹ̀yìn ewé, ni òjé sábà máa ń wà, torí òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ gba gbòǹgbò gòkè. Omi lè ṣan púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ló ń fa kádímíọ̀mù mu, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá ti ní ásíìdì, tó sì ń gbé e dé inú ewé. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ sè é, iná kì í run irin. Ewé ọ̀hún á sì tutù yọ̀yọ̀ lójú. Ẹni tó bá ka "onídọ̀tí" lórí ìkìlọ̀ á bu omi, á fọ ẹ̀fọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mo dábàá "ẹ̀fọ́ tó fa oró mu" fún ti kádímíọ̀mù, "ẹ̀fọ́ tí oró lẹ̀ mọ́" fún ti eruku. Wọ́n gùn díẹ̀, mo mọ̀.

Ó ku "ìwọ̀n tí kò léwu" tó wà nínú àkọsílẹ̀ wa. Codex, àjọ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo àgbáyé, fi òjé inú ẹ̀fọ́ eléwé sí 0.3 miligíráàmù nínú kílò kan, kádímíọ̀mù sí 0.2. Gbèdéke nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò lè pani lára, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "kò léwu" kúrò nínú àkọsílẹ̀ wa kí a tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé ìkìlọ̀ náà.