Pọ́n-ùn Tí Kì Í Ṣe Owó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ sódì, kí ẹni tí irú rẹ̀ ti bá rí náà sọ tirẹ̀.

Oṣù Kínní ni, ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Leeds. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. A ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mí kanlẹ̀, ó ní, "I've piled on the pounds this Christmas." Pọ́n-ùn tí èmi mọ̀ kò ju owó lọ. Náírà ti rọ́pò pọ́n-ùn nílé láti 1973, síbẹ̀ pọ́n-ùn àti ṣílè ni ìyá mi ṣì fi ń ṣírò ọjà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ni mo bá dì mọ́ ọn, mo ní Ọlọ́run á máa fi kún un. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó gbé ife rẹ̀, ó bọ́ síta.

Ọmọ Gánà kan ló là mí lọ́yẹ nígbà tí a ń dúró de bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Pọ́n-ùn yẹn, ìwọ̀n ni. 14 rẹ̀ ló wà nínú stone kan, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì ṣì fi ń sọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Stone kan sì fi díẹ̀ lé ní kílò 6. "Pile on" dà bí ìgbà tí èèyàn ń to igi ìdáná léra. Obìnrin náà ń sọ fún mi pé òun ti sanra, ó sì ń dùn ún. Èmi wá gbàdúrà pé kó máa pọ̀ sí i! Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé ohun tí mo rò. Ó di ọwọ́ mi mú títí tíì wa fi tutù.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́bìnrin kan ti ìsinmi dé, mo sì kí i bí a ṣe ń kí èèyàn nílé: "You've added! You look so fresh." Ẹ mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ní "o ti sanra", àlàáfíà àti ìbàlẹ̀ ọkàn ni wọ́n ń wí. "O rù" ló ń ba èèyàn lẹ́rù, nítorí ẹni tó sọ ọ́ ń bi ọ́ bóyá àìsàn ni. Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé "add" yẹn, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni. "Put on weight" ni wọ́n ń wí lọ́dọ̀ wọn. Èyí tí kò sì sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí mo rà ni pé ara ẹni ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. "I've put on a bit." "I've let myself go," ìyẹn ni pé mi ò tọ́jú ara mi mọ́. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ síni, èébú ni.

Ọ̀kan wà tí mi ò fẹ́ràn rárá: "bingo wings". Ẹran apá àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tó máa ń mì nígbà tí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè pé àwọn ti jẹ nídìí tẹ́tẹ́ bingo. Apá wọ̀nyẹn ni mò ń wẹ̀ lálaalẹ́. Wọ́n ti gbé ọmọ rí. Mi ò ní í sọ ọ́.

Ó yá, ẹ̀yin ńkọ́?

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, London:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Táyà ni tèmi. Ọ̀gá kan di ikùn mú ní yàrá ìsinmi wa, ó ní, "I must lose this spare tyre." Mo sọ fún un pé kó má jù ú nù, kó gbé e lọ bá fọkanáísà kó bá a lẹ̀ ẹ́. Ó rọra ká ẹ̀wù sókè, ó fi ìṣẹ́po ara tó yí ìbàdí rẹ̀ ká hàn mí. Táyà náà ni. Òun ló fi sùúrù kọ́ mi ní ìyókù: "love handles" ni ẹran tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí lọ́tùn-ún lósì, "muffin top" ni èyí tó yọ kọjá etí sòkòtò tó há, bí kéèkì kékeré ṣe ń wú kọjá etí pépà rẹ̀. "Beer belly" ò nílò àlàyé, a ní in nílé.

Bàbá kan, Houston:
Ọmọ mi obìnrin wọ yunifásítì lọ́dún tó kọjá. Ó pè mí ní oṣù Kẹwàá, ó ní, "Daddy, I got the freshman fifteen." Mo rò pé ẹ̀bùn owó ilé-ìwé ni wọ́n fún ọmọ 15. Mo ti ń sọ fún àwọn ará ìjọ kí wọ́n bá wa dúpẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló máa ń sọ pé ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì ń fi pọ́n-ùn 15, bíi kílò 7, kún ara ọmọ, nítorí àjẹyó ilé oúnjẹ ọgbà àti àìsùn. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé, lápapọ̀, kì í tó ìdajì ìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti mọ́ wọn lẹ́nu, ó sì ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ.

Ìgbà Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ló wálé. Ìyá mi rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ha, o ti sanra! Ọlọ́run ṣeun!" Ọmọ fi iyán sílẹ̀, ó gun òkè lọ. Èmi ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún ọmọ pé ọpẹ́ ni màmá ń dá, ebi ni wọ́n mọ̀ lọ́mọdé. Mo sọ fún màmá pé níbi tí ọmọ yìí dàgbà sí, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gúnni lọ́kàn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Láàárọ̀, wọ́n bu àkàrà sínú àwo, wọ́n fúnra wọn gbé e gòkè. "Ojú ẹ ń dán, ọmọ mi. Wá jẹun." Lórí ibùsùn ni àwọn méjèèjì ti jẹ ẹ́.