Ẹ̀yin ará wa ní Cairo, báwo lẹ ṣe ń sọdá títì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nasr City là ń gbé, ọkọ mi ń kàwé ní Al-Azhar. Ọjà rírà ò ni mí lára, títì Mostafa El-Nahas ni wàhálà mi. Níbi tí mo ti ń sọdá, kò sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, máíkróbọ́ọ̀sì á kàn máa fun fèrè ni. Èmi ọmọ Òṣòdì! (Ṣùgbọ́n Òṣòdì ní afárá ẹlẹ́sẹ̀.)

Ìyá kan ládùúgbò ní kí n máa rìn jẹ́jẹ́, kí n má sáré, kí n má padà sẹ́yìn, pé awakọ̀ á yà fún mi. Òun a kàn na ọwọ́ síta, a sì kọjá. Ṣé ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn lè dán irú ẹ̀ wò?

Àbí kí n kúkú wọ máíkróbọ́ọ̀sì dé ibi tó ti ń yípo, kí n bọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì? Mo ń gbọ́ "ala gamb" lẹ́nu àwọn tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ṣé tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti tó, àbí ó yẹ kí n ti sọ ibi tí mò ń lọ kí n tó wọlé?