Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ lọ wàásù lórí òkè Himalaya: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ London béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí gígùn ọ̀rọ̀ mi.

Ẹgbẹ́ ajíhìnrere ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Nepal lóṣù kẹwàá. Èmi ni akọ̀wé, ọwọ́ mi ni gbogbo ètò wà. Bí àwọn àgbà ṣe là á sílẹ̀ ni pé a ó dé Kathmandu, a ó wọ mọ́tò lọ sí Syabrubesi ní agbègbè Rasuwa, a ó wá fẹsẹ̀ rìn gba àfonífojì Langtang lọ títí dé Kyanjin Gompa. A ó máa pín ìwé àṣàrò kúkúrú fáwọn ará abúlé lójú ọ̀nà, a ó sì máa gbàdúrà fáwọn aláìsàn. Bí a bá padà sí Kathmandu, a ó kó aṣọ àti nǹkan ìṣeré lọ sí ilé ọmọ òrukàn kan.

Mo gbọ́ pé òfin ibẹ̀ kò gba ìwàásù. Mo sọ ọ́ nípàdé, alága wa ní kò síbi tí èṣù kì í ti í dínà. Èyí tó tún ń kó mi láyà sókè ni pé AS ni mí, mo sì mọ àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ AS. Ṣé òkè gíga kò ní ṣe wá ní nǹkan? Ọkọ mi tún wá bi mí lálẹ́ àná pé kí ló dé tí a kò kúkú fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sáwọn ìjọ tó wà lọ́hùn-ún. N kò rí èsì fún un.

Ẹni tó bá débẹ̀ rí, ẹ dákun, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Bàbá Rótìmí:

Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Bí Pọ́ọ̀lù bá ti ń wo òfin ni, ìhìnrere ì bá má dé Róòmù. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ kó ìwé yín dání, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó rán yín kì í sùn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá:

Ẹ kú àdúrà, Bàbá. Àdùkẹ́ àbúrò mi, jẹ́ kí n mú ti òkè, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

AS kì í ṣe àìsàn, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Àmọ́ afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, pàápàá bí èèyàn bá ti kọjá 2,500 mítà. Gbogbo òkè Ìdànrè tí à ń gùn tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n yẹn, kò tó 1,000 mítà. Kyanjin Gompa tí ẹ ń wí súnmọ́ 3,900. Lára àwọn AS kan, tí afẹ́fẹ́ bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bíi dòjé, kó sì dí iṣan tó lọ sínú spleen, ẹ̀yà inú tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Apá ibẹ̀ á kú. Ohun tí èèyàn máa rí ni ìrora gidi lókè ikùn lápá òsì, èébì, nígbà mìíràn kó ta dé èjìká. Kì í ṣe gbogbo AS ló ń ṣe, ọ̀pọ̀ ló ti gun òkè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n padà láyọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ ṣáájú pé ìwọ ni tàbí ìwọ kọ́. Bí SS bá wà nínú yín, kó má bá yín débẹ̀ rárá.

Ìyẹn ti AS. AA náà kò bọ́ o. Àìsàn òkè kì í wo jínótáìpù, kì í sì í wo ọjọ́ orí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré lójoojúmọ́ ló sábà máa ń kó o torí kò ní fẹ́ rọra rìn. Bí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tí ẹ máa sùn má fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ. Oògùn acetazolamide wà, tí wọ́n tún ń pè ní Diamox, ẹ bi dókítà yín, ẹ sì sọ fún un bí ara ẹnì kan kò bá gba oògùn sulfa. Orí fífọ́ àti èébì ni ìkìlọ̀. Bí ẹnì kan bá ti ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tó jókòó síbẹ̀ tí kò lè mí délẹ̀, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òru ni o, òjò ni o. Ẹ má dúró gbàdúrà lórí òkè. Ẹ máa gbà á bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Rótìmí:

Àmín o, nọ́ọ̀sì. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Ará Kathmandu Tẹ́lẹ̀:

Mo bá ilé iṣẹ́ ìlera kan ṣiṣẹ́ ní Nepal, ìjọ ibẹ̀ ni mo sì ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kì í ṣe pé òfin kò gba ìwàásù lásán. Òfin ìpilẹ̀ wọn ti ọdún 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ yí ẹlòmíràn padà kúrò nínú tirẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 wá fi ìyà kún un ní ìpín 158: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún, àti owó ìtanràn tó lè tó 50,000 rúpì. Kódà ẹni tó gbìyànjú láìṣàṣeyọrí wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àjèjì, tó bá ṣẹ̀wọ̀n tán, wọ́n á lé e kúrò nílùú láàárín ọjọ́ méje. Físà àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tí ẹ máa gbà náà kò fún yín láyè láti ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Bàbá Rótìmí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò ni pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀wọ̀n ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù. Èyí tí ẹgbẹ́ ń gbèrò yìí, ẹgbẹ́ á wọ bàálù padà sí London. Àwọn ọlọ́pàá á wá bi ará abúlé pé ta ló gba àwọn àlejò wọ̀nyẹn sílé, ta ló ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ọdún 2021, kóòtù kan ní àgbègbè Dolpa rán pásítọ̀ ọmọ Nepal kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí ẹ̀sùn yíyí èèyàn lẹ́sìn padà. Lẹ́yìn ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni wọ́n dín in sí ọdún kan. Ọmọ ilẹ̀ wọn ni, kò ní ibòmíràn tó máa sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tó dáa. Ìjọ wà ní Nepal, ó sì ń ṣe dáadáa láìsí wa. Ìkànìyàn ọdún 2021 ní àwọn Kristẹni lé ní ìlàjì mílíọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn Tamang tó pọ̀ ní Rasuwa, ẹlẹ́sìn Búdà ni ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà láàárín wọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń jọ́sìn, torí Sátidé ni ìsinmi wọn. (Ìdí nìyẹn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2015 fi bá ọ̀pọ̀ wọn nínú ìsìn. Sátidé ni, kò tíì tó agogo méjìlá ọ̀sán. Nǹkan bí 9,000 èèyàn ló kú káàkiri ilẹ̀ náà, yìnyín àti àpáta sì ya lu abúlé Langtang mọ́lẹ̀, abúlé tí ẹ máa gbà kọjá yẹn gan-an. Ẹ má ya fọ́tò níbẹ̀ bí ẹni wá ṣeré o.)

Ẹni tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà rí kò ní ṣàjèjì lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á jókòó sílẹ̀, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì pẹ̀lú ìborí. Bí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á gbà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bi wọ́n bí wọ́n ṣe gba Jésù, ọ̀pọ̀ á sọ fún ọ pé àìsàn kan ni, wọ́n gbàdúrà sí i, ara yá. Wọ́n ń kí ara wọn pé “Jai Masih”. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ gàn-ún. “Dai” ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, “didi” ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ẹ má fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan, ẹ kò nílò kí n kọ́ yín nìyẹn. Ẹ má sì wá ẹran màlúù lẹ́nu níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni pípa màlúù.

Ilé ọmọ òrukàn yẹn ńkọ́? Ẹ fà á yọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kathmandu ló ní ìyá tàbí bàbá láyé. Àwọn alágbàtà ló ń lọ sí abúlé òkè, wọ́n á sọ fún òbí pé àwọn fẹ́ rán ọmọ wọn nílé ìwé, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kó ọmọ wá sí ìlú, torí wọ́n mọ̀ pé àlejò á wá, á ya fọ́tò, á sì fi owó sílẹ̀. Aṣọ àti nǹkan ìṣeré tí ẹ ń kó lọ wà lára ohun tó ń mú òwò náà tà.

Tíṣà Ìtàn, Abẹ́òkúta:

Ọ̀rọ̀ ọkọ Àdùkẹ́ ni mo fẹ́ bá lọ. Ta ló gbé ìhìnrere wọ Abẹ́òkúta? Gbogbo wa á ní Freeman àti Townsend, àwọn míṣọ́nnárì. Kí Freeman tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, àwọn Sàró, ọmọ wa tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Freetown, ti wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń gbàdúrà nínú ilé wọn. Àwọn ló ránṣẹ́ pé kí ẹ bá àwọn wá olùkọ́. Àjàyí Crowther tí wọ́n fi jẹ àlùfáà ní 1843 gbọ́ èdè, ó mọ ẹbí, kò nílò ògbufọ̀.

Ti Nepal jọ ọ́. Ilẹ̀ náà tilẹ̀kùn mọ́ àjèjì títí di nǹkan bí 1951. Àwọn tó ń sọ èdè Nepal ní Darjeeling, nílẹ̀ Íńdíà, ló kọ́kọ́ gba Kristi, àwọn ló kọjá ẹnubodè wọlé nígbà tí ọ̀nà là. Àwọn òyìnbó tí ìjọba gbà láyè, bíi United Mission to Nepal tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé ni wọ́n gbà wọ́n fún, lórí àdéhùn pé wọn kò ní yí èèyàn lẹ́sìn padà. Títí di 1990, ẹni tó bá kúrò nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, ẹni tó ṣèrìbọmi fún un lè ṣe mẹ́fà. Inú ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ìjọ dàgbà. Nítorí náà, tí ẹ bá ń lọ, ẹ bi onílé pé kí ló fẹ́. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe yín ló fẹ́.

Bàbá Rótìmí:

Tíṣà, ẹ ń fi ìtàn nà mí. Mo gbọ́. Àmọ́ bí kò bá sẹ́ni tó lọ, ta ló máa mọ ohun tí wọ́n nílò? Owó tí à ń fi ránṣẹ́ láìmọ ẹni tó ń gbà á, ṣé ẹ kò mọ ibi tó ń já sí ni? Ó yẹ kí ẹsẹ̀ kan débẹ̀.

Ará Kathmandu Tẹ́lẹ̀:

Mo gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀ yẹn, Bàbá. Èèyàn díẹ̀, tí ìjọ ibẹ̀ fúnra wọn pè, kí wọ́n bá wọn jọ́sìn, kí wọ́n bá wọn jẹun, kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Ìyẹn kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Èèyàn ogún tó wọ T-shirt kan náà, tó ń pín ìwé ní Langtang, ni mi ò fara mọ́.

Lánre Manchester:

Mo gun Langtang rí, ìgbafẹ́ ni temi. Oṣù kẹwàá dáa, òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́. Mọ́tò láti Kathmandu lọ sí Syabrubesi máa gbà yín ní odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó ń bẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n ti ṣòfin pé kí àjèjì tó ń rìn lórí òkè mú amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ.

Ìnṣọ́ránsì: ẹ ka ibi tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Òmíràn kì í san ohunkóhun tí ẹ bá ti kọjá gíga kan, òmíràn kì í san owó hẹlikópítà. Ẹ sì ṣọ́ra, àwọn jìbìtì kan wà tó jẹ́ pé orí á kàn fọ́ ọ díẹ̀, amọ̀nà á ti pe hẹlikópítà torí ó ní ìpín nínú owó rẹ̀.

Àdùkẹ́ London:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi, Olódùmarè á máa bá yín gbé e. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde, mo sì ti fún alága. Kò dùn mọ́ ọn nínú, àmọ́ nígbà tó ka ti ẹ̀wọ̀n pásítọ̀ yẹn, ó dákẹ́. Ó ní ká yọ ìwé pínpín kúrò, ká sì yọ ilé ọmọ òrukàn. Àwa bíi mélòó kan péré la máa lọ, bí ìjọ kan ní Kathmandu bá kọ̀wé pè wá. Èmi ò ní gòkè, Kathmandu ni mo máa dúró sí, nǹkan bí 1,400 mítà péré ni. Mo ti sọ ti nọ́ọ̀sì fáwọn AS yòókù, ẹnì kan nínú wọn ní òun máa gun òkè dandan.

Ìbéèrè kan ló kù: pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni méjì nínú wa ní, àwọn tó kù ní ti Bìrìtìkó. Ṣé gbogbo wa lè gba físà ní pápákọ̀ òfurufú?

Lánre Manchester:

Rárá o. Àwọn oní-Bìrìtìkó lè gbà á ní pápákọ̀ Kathmandu, dọ́là 50 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kì í fún ní físà ní pápákọ̀, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà á ní ẹ́ńbásì Nepal ní London kí wọ́n tó gbéra. Ẹ tètè ṣe é. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gba Delhi kọjá fún wọn láìkọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n máa nílò físà Íńdíà. Ẹ wo ti Doha tàbí Istanbul. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà bọ̀ láìpẹ́, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá:

Àdùkẹ́, ẹni tó ní òun máa gun òkè dandan yẹn, fún un ní nọ́ńbà mi. Kó pè mí kó tó sanwó.