Àfojúsùn, ìtẹjúmọ́, kedere: ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe nǹkan mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lórí bá a ṣe máa fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fọ́tò, mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé ká máa pe fókọ́ọ̀sì inú fọ́tò, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tẹjú mọ́ nǹkan kó lè hàn dáadáa, ní àfojúsùn, kí plugin (ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ètò kọ̀ǹpútà ńlá) tó ń fi ibi tí kámẹ́rà fókọ́ọ̀sì sí hàn sì máa jẹ́ àfikún afàfojúsùn-hàn. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, àmọ́ mi ò gbà. Fọ́tò ni mo ń yà jẹun l'Abẹ́òkúta níbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí tá a bá sọ nǹkan yìí lórúkọ tí ò bá a mu, àwọn ọmọṣẹ́ tí à ń kọ́ á kàn máa túmọ̀ ohun tí plugin yẹn ń sọ sódì ni.

Fáwọn tí ò lò ó rí: Lightroom, tí Adobe gbé jáde lọ́dún 2007, lọ̀pọ̀ wa fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Plugin kan wà fún un, Focus Points lorúkọ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, tó o bá ṣí i lórí fọ́tò, á ya àpótí kékeré síbi tí kámẹ́rà tẹjú mọ́ nígbà tó o tẹ bọ́tìnì. Kì í ṣe pé ó wo fọ́tò náà fínnífínní o. Àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ti tọ́jú sínú fáìlì ló ń kà, apá tí wọ́n ń pè ní MakerNotes, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú, ti Canon ò jọ ti Nikon, ti Nikon ò jọ ti Sony, ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí Phil Harvey bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lọ́dún 2003, ló ń bá a tú u. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tí wọ́n kàn fi WhatsApp ránṣẹ́ kì í fi àpótí kankan hàn, àkọsílẹ̀ yẹn ti já dànù lọ́nà, àfi tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi document.

Ẹ wá wo fọ́tò kan tí mo yà ní Ìtòkú. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan dúró níwájú ìsọ̀ aláàdìrẹ, aṣọ ẹlẹ́kọ, funfun lórí aró, rọ̀ sẹ́yìn ẹ̀ lọ salalu. Kámẹ́rà fi ojú ọmọbìnrin náà sílẹ̀, ó lọ mú aṣọ ẹ̀yìn, torí ibi tí funfun àti dúdú bá ti pààlà gan-an ló máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dì mú. Ojú ìyàwó ṣe bàìbàì, gbogbo ìlà ara àdìrẹ yẹn hàn rekete títí dé ibi tí aró ti fà díẹ̀ wọnú funfun. Mo ṣí plugin, àpótí pupa wà lórí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n, ibo wá ni àfojúsùn níbẹ̀ yẹn? Ojú ìyàwó ni! Èmi ni mo ni àfojúsùn, inú mi ló wà, kámẹ́rà ò mọ̀ ọ́n.

Ó tún ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi àpótí àárín mú ojú èèyàn, a ó tẹ bọ́tìnì dáàbọ̀, a ó wá sún kámẹ́rà díẹ̀ kéèyàn náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká tó tẹ̀ ẹ́ parí. Plugin á gbé àpótí sáàárín gbùngbùn, sórí àpáta Olúmọ, ojú ẹni tá a yà á sì mọ́ kedere. Ọmọṣẹ́ á ní plugin ń parọ́. Kò parọ́ o, ibi tí àpótí wà nínú fírémù ni kámẹ́rà kọ sílẹ̀, kò kọ ohun tó wà ńbẹ̀. Bákan náà, àpótí lè wà lórí ẹyinjú ọmọdé tó ń sáré, kí ojú ọmọ náà ṣì ṣe bàìbàì torí 1/30 ìṣẹ́jú àáyá lo fi yà á.

Nítorí náà, ohun tí mo dábàá nìyí: ká fi àfojúsùn sílẹ̀ fún ohun tó wà lọ́kàn ayàwòrán, ká pe ibi tí kámẹ́rà dì mú ní ibi ìtẹjúmọ́, ká sì máa sọ kedere àti bàìbàì fún ohun tí ojú wa rí nínú fọ́tò, ìyẹn ò tiẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Ẹ kàn gbé e sínú gbólóhùn wò. “Nikon D850 ní ibi ìtẹjúmọ́ 153”, ó yé èèyàn. “Nikon D850 ní àfojúsùn 153” ńkọ́? Ẹni tó ń gbọ́ àfojúsùn ìjọba lórí rédíò láràárọ̀ á rò pé ètò ni kámẹ́rà fẹ́ ṣe.

Ní ti plugin fúnra ẹ̀, ti àbúrò wa obìnrin tó pè é ní àfòmọ́ ni mo wà. Wọ́n ní àfòmọ́ ń jẹ igi kòkó, pé orúkọ burúkú ni. Ṣùgbọ́n gírámà ti gba ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó ń kọ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ò ronú kan igi kòkó. Ohun tí ò lè dá dúró láìsí èyí tó lẹ̀ mọ́ ni, plugin náà sì rèé, yọ Lightroom kúrò, kò lè ṣe nǹkan kan. Àfikún gbòòrò jù, owó orí ọjà náà àfikún ni.

Èyí tó kù tó ń dùn mí ni ìjìnlẹ̀ pápá tẹ́nì kan kọ fún “depth of field” òyìnbó, ìyẹn bí ibi tó mọ́ ṣe fẹ̀ tó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Pápá wo ló wà níbẹ̀? Ní f/1.8, ìyẹn tí ihò lẹ́ǹsì ṣí gbayawu, tó o bá sún mọ́ èèyàn dáadáa, ẹyinjú á mọ́, etí á ṣe bàìbàì, gbé e lọ sí f/8, tí ihò náà kéré sí i, méjèèjì lè mọ́. Ààyè kedere lèmi ń sọ fáwọn ọmọṣẹ́ mi, ó fẹ̀ tàbí ó tín-ín-rín, wọ́n sì ń lò ó. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kíákíá, mo fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan fún wọn kó tó di pé àwọn tuntun wọlé.