Odi kì í rìn: ká pe schiltron ní agbo ọ̀kọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìtumọ̀ ìtàn ogun Bannockburn, èyí tí Skọ́tlándì bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1314, tẹ́ ẹ ṣe, ó dùn ún kà gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun níbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti pe schiltron àwọn ará Skọ́tlándì ní "odi ọ̀kọ̀". Àwọn kan ti ní ó bá a mu wẹ́kú, ẹnìkan tiẹ̀ ní ká kúkú kọ ọ́ ní "ṣílítírọ́ọ̀nù" ká máa bá tiwa lọ. Èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ná. Àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ ni, wọ́n á pọ̀, wọ́n á fún mọ́ra pinpin, kálukú á mú ọ̀kọ̀ tó gùn jù ú lọ dáadáa, ẹnu gbogbo ọ̀kọ̀ á wá kọjú síta, tó fi jẹ́ pé ẹṣin tó bá sáré wọ ibẹ̀, àyà ló máa fi gbà á. Ní ogun Falkirk lọ́dún 1298, ojú kan ni William Wallace, olórí ogun Skọ́tlándì, tò wọ́n sí. Nígbà tí Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn tafàtafà ẹ̀ dé, ṣe ni wọ́n ń ta wọ́n lọ́fà níbi tí wọ́n dúró sí yẹn títí àyè fi ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, ni ẹlẹ́ṣin bá wọlé, ó parí. Ìyẹn, màá gbà pé odi ni. Odi tó wó.

Bannockburn kọ́ nìyẹn o. Ní 1314, Robert Bruce, ọba Skọ́tlándì, ti kọ́ àwọn tiẹ̀ bí wọ́n ṣe máa rìn pọ̀ láì tú ká. Wọn ò ju nǹkan bí 6,000 sí 7,000 lọ, Edward Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, sì kó bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye yẹn wọ̀lú, pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin tó wọ irin látòkè délẹ̀, torí pé àdéhùn wà lórí ilé olódi Stirling: tí ogun ọba ò bá tíì dé kó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, Philip Mowbray tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì máa gbé e lé Skọ́tlándì lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ 24 yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́ọ̀kọ̀ jáde nínú igbó, tí wọ́n ń rìn bọ̀ wá bá àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ. Ilẹ̀ táwọn Gẹ̀ẹ́sì sùn sí, àbàtà ni, odò há wọn mọ́, ẹṣin ò ráyè sáré, àwọn tafàtafà tó sì rí ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí, àwọn ẹlẹ́ṣin díẹ̀ tí Robert Keith, ọmọ ogun Bruce, kó lẹ́yìn ló lé wọn dànù. Bí ọ̀kọ̀ ṣe ń tẹ̀ síwájú ni àyè ń tán mọ́ wọn lára. Rírìn yẹn ló pa wọ́n. Ẹ wá sọ fún mi, odi wo ló ń rìn? Kó tiẹ̀ wá burú sí i, ojú ewé kan náà lẹ ti pe Stirling ní odi, ẹni tó bá ń kà á kíákíá á rò pé ilé olódi yẹn ló yọ ọ̀kọ̀.

"Agbo ọ̀kọ̀" lèmi fara mọ́. Agbo ijó ń yí, ó ń sún, ó ń fẹ̀, ó ń fún, síbẹ̀ agbo ṣì ni. Àbúrò wa kan ní agbo ẹran ló máa sọ síni lọ́kàn, pé a ti sọ akọni di àgùntàn. Háà, ta ló gbọ́ agbo eré rí tó ń wá ewúrẹ́ kiri? Wàhálà tí mo rí níbẹ̀ ni tàwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí wọ́n bá kọ "agbo oko" báyìí, kò sóhun tí wọn ò ní kà níbẹ̀, àgbo, àgbò, ọkọ̀, ọkọ́, ẹlòmíì á ní ìpàdé àwọn ọkọ ìyàwó ni. Ẹ sáà fi àmì sí i.

"Kòtò" tẹ́ ẹ lò fún èyí tí Bruce ní kí wọ́n gbẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà, tó jìn dé orúnkún, tí wọ́n fi igi wẹ́wẹ́ àti koríko bò, ọ̀fìn nìyẹn jàre. Kòtò ò ní ète nínú.

Èyí tó dùn mí jù ni ibi tí wọ́n ti kúnlẹ̀. Àwọn ará Skọ́tlándì kúnlẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, akéwì tó kọ ìtàn náà ní bí 60 ọdún lẹ́yìn ogun ní Edward rí wọn, ó ní wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì dá a lóhùn pé lóòótọ́ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n ń bẹ̀. Ẹ̀yin wá kọ "wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà." Ẹ ti tú àṣírí kí ọba tó lanu! Ẹ fi í sílẹ̀ ní "wọ́n kúnlẹ̀" lásán, torí Yorùbá ń kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run, ó sì ń kúnlẹ̀ bẹ èèyàn, òǹkàwé náà á ṣì í mọ̀ bí ọba ṣe ṣì í mọ̀.

Ti àwọn tó ní ká má lo "ogun" fún ìjà ọjọ́ kan, pé ká pè é ní "ìjà Bannockburn", mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ogun Kírìjì gba ọdún 16, ogun Jálumi ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ogun la sì ń pe méjèèjì, kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ nípa gbogbo ọdún tí Skọ́tlándì fi jà kí àdéhùn 1328 tó dé, ẹ pè é ní ogun òmìnira. Ọba méjì kì í jà ní gáréèjì, ká tó pe tiwọn ní ìjà lásán.

Jálumi tí mo dárúkọ yẹn náà ṣì wúlò. Ní Ìkìrun lọ́dún 1878, àwọn tó ń sá fún Ìbàdàn já sódò Ọ̀tìn, omi gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ní Bannockburn, akéwì yẹn kan náà ní èèyàn àti ẹṣin kún odò náà débi pé èèyàn lè gba orí wọn sọdá kẹ́sẹ̀ má tutù. Apá tó kẹ́yìn yẹn tẹ́ ẹ kọ "Ìfàsẹ́yìn Àwọn Gẹ̀ẹ́sì" sí lórí, ẹ pè é ní "Jálumi" kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa nílò àlàyé kankan.